Jákẹ́ẹ̀tì Aláwọ̀ Ewé

Àárọ̀ ọjọ́ tí Nurat fẹ́ gbéra lọ bá Nàìjíríà díje ọkọ̀ ojú omi wíwà ní Káírò ni jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ di àwátì. Aláwọ̀ ewé ni jákẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n fi òwú funfun kọ NIGERIA gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ Nurat sí àyà lápá òsì. Òun nìkan ni ohun tí ìjọba fún un láti ìgbà tó ti ń gba àmì-ẹ̀yẹ fún wọn. Mẹ́jọ̀ tí àwọn sójà fi ṣe olórí ẹgbẹ́ awakọ̀ sì ti pàṣẹ pé kí gbogbo wọn pé sí jẹ́tì etí ọ̀sà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí òun yẹ̀ wọ́n wò kí mọ́tò tó kó wọn lọ sí Èkó. Ẹni tí kò bá wọ aṣọ ìjọba kò ní wọ mọ́tò ìjọba.

“Màámi, mo ti wo orí okùn, mo ti tú báàgì mi. Kò sí níbẹ̀.”

“Kò tíì gbẹ ni,” Tọ̀yìbátù, ìyá rẹ̀, dá a lóhùn láti ìdí ààrò. “Mo sá a sí ọ̀dọ̀ Ìyá Dosu. Oòrùn tibẹ̀ ló mú jù. Wá jẹun ná.”

Ìrẹsì ni wọ́n gbé fún un, ìrẹsì funfun tó dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, ọbẹ̀ ata tí òróró rẹ̀ léfòó, àti ẹyin díndín lórí rẹ̀. Ọdún tí àwọn sójà ti bodè pa ni mò ń wí yìí, ọdún tí àwọn àgbàlagbà ń tò láti ìdájí níwájú ilé ìtajà ìjọba nítorí agolo mílíìkì, tí ọmọ kékeré tó gbé ìbọn á sì máa fi kòbókò na ẹni tó tó bàbá bàbá rẹ̀ tí ẹsẹ̀ bàbá náà bá yà kúrò lórí ìlà. Tọ̀yìbátù fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù nínú ìlú Àgbádárìgì, ó ti ń ta ṣúgà, ọṣẹ àti sàdíìnì níbẹ̀ tipẹ́. Tí ẹ bá débẹ̀ lọ́dún yẹn, àyàfi kí ẹ ra eruku. Síbẹ̀ ìrẹsì kì í wọ́n nínú ilé rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè ìdí rẹ̀.

Ummusalamah, ìyàwó Shamsudeen ẹ̀gbọ́n Nurat, gbé oyún rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń wo ẹyin náà.

“Ẹyin kan ṣoṣo ló wà nínú ilé yìí,” ó ní, “ẹni tó lóyún ò sì gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án.”

“Ṣé ìwọ náà fẹ́ wa ọkọ̀ lọ sí Káírò ni?” Tọ̀yìbátù bi í.

“Mi ò lọ ibì kankan. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń lọ, kí ni wọ́n ń mú bọ̀? Àwo fàdákà tó wà lára ògiri yẹn, ẹ jẹ́ ká sè é lọ́bẹ̀ lọ́jọ́ kan, ká wò ó bóyá á jinná.”

Nurat rẹ́rìn-ín. Ó pín ẹyin náà sí méjì, ó gbé ìlàjì sọ́wọ́ Ummusalamah, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Shamsudeen nìkan ni kò dá sí i. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ró aṣọ ìborùn ìyàwó rẹ̀ mọ́ra. Ọkùnrin tó máa ń ti inú àwo tirẹ̀ na ọwọ́ sínú àwo ẹlòmíràn ni, ṣùgbọ́n lónìí ó ní inú ń run òun. Nígbà tó gba ife omi, Nurat rí i pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Nurat mọ ohun tó ń bó àtẹ́lẹwọ́ báyẹn. Ó fẹ́ bi í léèrè, ni Ìyá Dosu bá wọlé.

Ọmọ Ògù, Ègùn Àgbádárìgì, ni Ìyá Dosu, etí omi ló ti ń yan ẹja, nǹkan kì í sì í ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀sà kó má kọ́kọ́ dé etí rẹ̀. Ó sọ àtẹ ẹja kalẹ̀ kó tó kí ẹnikẹ́ni.

“Mawu gbà wá o. Ẹ ò tíì gbọ́? Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù mú ọkọ̀ onífàyàwọ́ kan ní ìdájí. Ìrẹsì, òróró, ló kún inú ẹ̀ bámú. Ẹni tó ń tù ú bẹ́ sómi, wọn ò rí i mú.”

“Ọlọ́run á bá wọn wá a,” Tọ̀yìbátù ní, ó sì gbé ẹ̀yìn sí wọn, ó ń fẹ́ iná tó ti ń jó tẹ́lẹ̀.

“Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀. Aṣọ Nurat ló wọ̀. Ìkùukùu bo ojú omi, wọ́n rí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń bọ̀, wọ́n bá ń pariwo, Nurat o, ẹ káàárọ̀, ẹni yẹn sì ṣẹ́wọ́ sí wọn. Wọn ì bá jẹ́ kó kọjá. Àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn ní, ẹ dúró ná, èwo ni ti àyà?”

Ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí fún ẹni tí kò gbé Àgbádárìgì. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ eré ìje, ẹ̀yìn ló ń fi lọ. Ibi tó ti ń bọ̀ ló kọjú sí, kì í rí ibi tó ń lọ àfi tó bá bojú wẹ̀yìn. Àwọn apẹja ti fi Nurat ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ẹ̀ títí ó fi sú wọn. Gbogbo àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù orí ọ̀sà ló sì mọ̀ pé tí Nurat bá ń bọ̀ wá bá àwọn láàárọ̀, NIGERIA tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n tòní, àyà àti ojú ló ń bọ̀. Ẹni tó yá aṣọ náà wọ̀ jókòó bí gbogbo apẹja ṣe ń jókòó, ó kọjú síbi tó ń lọ, ó ń fi àjẹ̀ kan wa omi.

“Bó ṣe rí i pé wọ́n yí ọkọ̀ padà,” Ìyá Dosu ní, “ló bọ́ jákẹ́ẹ̀tì jù sínú ọkọ̀, ó sì bẹ́.”

Nurat gbé ṣíbí sílẹ̀. “Ìyá Dosu, jákẹ́ẹ̀tì mi tí Màámi sá sọ́dọ̀ yín ńkọ́?”

“Ọ̀dọ̀ mi?” Ìyá Dosu wo Nurat, ó wo Tọ̀yìbátù tí kò yíjú padà, ó wo Shamsudeen tó ká ọwọ́ pọ̀ sábẹ́ ìborùn. Ọ̀rọ̀ náà yé e. Ó gbé àtẹ ẹja rẹ̀ rù. “Mi ò rí nǹkan kan o,” ó ní, ó sì jáde.

Tọ̀yìbátù túbọ̀ ń fẹ́ iná.

“Láti ìgbà wo?” Nurat bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Kò pẹ́,” Shamsudeen ní.

“Ó pẹ́,” ìyàwó rẹ̀ ní. “Láti ìgbà tí oúnjẹ ti tán ní káǹpù yín tí wọ́n ní kí ẹ máa lọ jẹun nílé ni. Màámi á fọ aṣọ náà, wọ́n á ní kò tíì gbẹ. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún un, ó kéré tán.”

Nurat yíjú sí ìyá rẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ fún un?”

“Èmi ni.” Tọ̀yìbátù wá yí padà wàyí. Obìnrin tí kì í bẹ̀rù ẹjọ́ ni, pàápàá tó bá jẹ́ òun ló jẹ̀bi. “Nígbà tí ìjọba lé ọ wálé, tí eegun ọrùn rẹ yọ síta, kí ni mo fi bọ́ ọ? O rò pé láti inú ṣọ́ọ̀bù mi ni ìrẹsì ti ń wá? Láràárọ̀ lò ń dé láti orí omi, láràárọ̀ lò ń bá àwo lórí tábìlì. O bèèrè rí?”

Nurat kò bèèrè rí. Tó bá wa ọkọ̀ tán, ebi kì í jẹ́ kó rántí nǹkan míì.

“Ẹ̀ bá ti sọ fún mi.”

“Ṣé wàá jẹ ẹ́?”

Nurat wo àwo tó wà níwájú rẹ̀, ó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Tọ̀yìbátù sún mọ́ ọn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ti ro ọ̀rọ̀ náà láti ìdájí, ó ti rí ọ̀nà àbáyọ. Tí wọ́n bá mú Shamsudeen, òfin sójà á jù ú sẹ́wọ̀n títí irun rẹ̀ á fi funfun, ọmọ tó wà nínú oyún kò sì ní mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tí Nurat bá ní òun lòun ni ẹrù, pé òun háyà èèyàn láti gbé e, ta ló máa fọwọ́ kan Nurat? “Ọmọ Nàìjíríà ni ọ́. Wọ́n ti bá ọ ya fọ́tò. Ìwọ lo gba fàdákà fún wọn ní Àbíjáǹ. Wọ́n á bá ọ wí díẹ̀, wàá tọrọ àforíjì, wàá sì lọ sí Káírò rẹ.”

Ó gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣófo, bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ ìyàwó kékeré, kò fọkàn tán ẹnì kankan láyé mọ́. Ìjọba nìkan ló kù tó fọkàn tán.

“Mi ò lè ṣe é,” Nurat ní. “Mo máa sọ pé wọ́n jí i lórí okùn. Irọ́ tí mo lè pa fún Kóòṣì tó ń kọ́ mi nìyẹn. Mi ò purọ́ fún un rí.”

Shamsudeen dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ó da àyà délẹ̀ gbalaja, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí nínú ilé náà rí. Nurat yí ojú kúrò lára rẹ̀ nítorí ìtìjú.

“Tí wọ́n bá wá tú ilé ńkọ́?” Tọ̀yìbátù ní. Àpò ìrẹsì ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Shamsudeen.

“Ẹ kó o kúrò. Ẹ kó o kí n tó dé jẹ́tì. Màámi, ẹ ṣèlérí fún mi pé bí mo ṣe sọ ọ́ náà lẹ máa fi sílẹ̀.”

“Mo gbọ́. Ọlọ́run gbọ́,” ìyá rẹ̀ ní. “Bí o ṣe wí la máa ṣe é.”

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni Ọmọ́níyì, Kóòṣì tó ń kọ́ Nurat lọ́kọ̀ wíwà, gun alùpùpù ẹ̀sípà rẹ̀ wá gbé e. Ará Èkìtì ni, kò rí ọ̀sà rí kí wọ́n tó fún un níṣẹ́ ní Àgbádárìgì, síbẹ̀ òun ló mú Nurat láti inú ọkọ̀ ẹja Ìyá Dosu bọ́ sínú ọkọ̀ eré ìje. Ó ti gbọ́ ìròyìn. Ó kàn dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń wojú rẹ̀.

“Wọ́n jí i lórí okùn ni, sà,” Nurat ní.

Ojú Ọmọ́níyì tú ká. “Mo mọ̀. Mo ti sọ fún Mẹ́jọ̀. Mo ní ẹni tí wọ́n rí kọjú síwájú, Nurat kò lè kọjú síwájú nínú ọkọ̀ bó bá tiẹ̀ ń sùn. Mo fi iṣẹ́ mi dúró fún ọ. Jẹ́ ká lọ.”

Nurat wẹ̀yìn bóyá ìyá òun á jáde wá ṣàdúrà fún òun, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe nígbàkúgbà tó bá ń rìnrìn àjò. Ummusalamah ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní Màámi ti jáde láti ìgbà ìrun. Nurat rò pé àpò ìrẹsì ló lọ wá ibi kó sí, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Lábẹ́ igi àgbọn létí jẹ́tì, Mẹ́jọ̀ jókòó sórí àga onítìmùtìmù. Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kan dúró tì í, jákẹ́ẹ̀tì Nurat wà lọ́wọ́ rẹ̀, apá jákẹ́ẹ̀tì náà kò tíì gbẹ. Àwọn awakọ̀ yòókù ti tò. Títílọpẹ́, ọmọbìnrin kan láti Ìkòyí tó máa ń wá síbi ìdánrawò nígbà tó bá wù ú, jókòó sínú mọ́tò Píjò Mẹ́jọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i.

Ọmọ́níyì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ní kó sọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n jí aṣọ ọmọ náà ni, ó ń fọwọ́ júwe bí apẹja ṣe ń jókòó àti bí Nurat ṣe ń jókòó. Àwọn awakọ̀ ń mi orí. Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

“Kóòṣì, ẹ sinmi,” ó ní. “A mọ̀ pé òun kọ́ ló wà nínú ọkọ̀. Èèyàn ló háyà. Ìyá rẹ̀ ti ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún wa.”

Tọ̀yìbátù sì jáde láti ẹ̀yìn mọ́tò. Ó ti wọ híjáàbù tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn níwájú Mẹ́jọ̀.

“Ọ̀gá wa, ọmọdé ló ń ṣe é. Òun ló ni ẹrù. Mi ò mọ ẹni tó bá a gbé e, ẹ má wulẹ̀ wá ẹnikẹ́ni kiri. Ẹ wo ti gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe fún Nàìjíríà mọ́ ọn lára, ẹ jẹ́ kó máa lọ.”

Mẹ́jọ̀ ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ tán, ó bi Nurat lédè Òyìnbó pé ṣé ìyá rẹ̀ ń purọ́.

Nurat wo ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ Tọ̀yìbátù kún fún eruku, ó hàn pé ibí ló gbà wá tààrà láti ilé. Kò kó àpò kankan kúrò. Tí Nurat bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi ń purọ́, mọ́tò kọ́sítọ́ọ̀mù á dé ilé wọn kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú, wọ́n á bá ìrẹsì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á sì bá Shamsudeen lórí rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ bíbó. Ìyá rẹ̀ mọ èyí. Ó mọ̀ ọ́n kó tó wá. Ó dun Nurat wọnú eegun. Ká ní sójà nìkan ló ṣe é fún un ni, ì bá mọ ibi tí yóò gbé e sí.

“Rárá, sà,” ó ní. “Kò purọ́.”

Ọmọ́níyì yíjú sí i. “Nurat,” ó ní, jẹ́jẹ́. “Èmi lo sọ fún pé wọ́n jí i.”

Nurat tẹjú mọ́ iyanrìn. Ọmọ́níyì yọ fìlà rẹ̀, ó nu ojú, kò sì tún wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Mẹ́jọ̀ sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ lórí ìwà ìbàjẹ́ àti àwọn tó ń fa ẹ̀jẹ̀ orílẹ̀-èdè mu. Lẹ́yìn náà ó ní nítorí àmì-ẹ̀yẹ tí Nurat ti gbà, òun kò ní tì í mọ́lé. Kó máa lọ sílé. Kó má wọ ọkọ̀ ìjọba mọ́ láé. Ó ṣẹ́wọ́ sínú Píjò, Títílọpẹ́ sì bọ́ sílẹ̀ wá tò pẹ̀lú àwọn yòókù. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tuntun wà lọ́rùn rẹ̀, ó gún régé ní èjìká, apá rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́ gẹ́lẹ́, wọ́n sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sí àyà. Kò sí télọ̀ tó lè rán irú ẹ̀ láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ló rí i.

Ọmọ́níyì gun orí mọ́tò, ó di àjẹ̀ Nurat mọ́ ẹrù fún ẹlòmíràn.

Lójú ọ̀nà ilé, Tọ̀yìbátù ni ó ń rìn ṣáájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. “Mo sọ fún ọ,” ó ń wí. “Mo ní wọn ò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ṣé o rí i? Wọn ò tiẹ̀ gbá ọ létí.”

Ìròyìn ti ṣáájú wọn délé. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, ará àdúgbò ń wọlé lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ẹ kú ewu o, Ìyá Shamsudeen. Ẹ kú ewu. Ọlọ́run ló yọ yín. Sójà mú èèyàn, sójà tún fi í sílẹ̀, ta ló rí irú ẹ̀ rí? Tọ̀yìbátù ń dá wọn lóhùn, ó ń dúpẹ́, ó ń sọ bí òun ṣe kúnlẹ̀ àti bí ojú Mẹ́jọ̀ ṣe rọ̀. Ó bu ìrẹsì fún àwọn tó jókòó. Shamsudeen ń jẹun. Inú tó ń run ún láàárọ̀ ti fi í sílẹ̀.

“Nurat, kú ewu o,” àwọn èèyàn ń wí bí wọ́n ṣe ń kọjá lára rẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní ní kọ̀rọ̀, kò dá ẹnì kankan lóhùn. Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n má bínú, ó ní ẹ̀rù ló ṣì ń bà á.

Ìyá Dosu ló wọlé gbẹ̀yìn. Kò gbé ẹja wá. Ó kọjá lára Tọ̀yìbátù láì kí i, ó lọ jókòó sórí ẹní, ó sì gbé ọwọ́ lé itan Nurat.

“Nurat, ovi ṣie, ọmọ mi,” ó ní, “o kú àfẹ́kù o.”

Shamsudeen gbé ṣíbí dúró láàárín ẹnu àti àwo.

“Àfẹ́kù kẹ̀?” Tọ̀yìbátù ní. “Ta ló kú nínú ilé mi, Ìyá Dosu? Mo ní ta ló kú?”

Nurat ni Ìyá Dosu ń wò. Nurat dìde lórí ẹní, ó kúnlẹ̀ fún un dáadáa bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ṣe ń kúnlẹ̀ fún ẹni tó wá bá a dárò.

“A dúpẹ́, mà,” ó ní. “Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi irú ẹ̀ san án fún yín.”